Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo lèèyàn ṣe lè dín wéètì kù nígbà tówó ò sí?

ÌyáAláǹkárá:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Ọmọ ọdún 36 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, tí mo bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ àárọ̀ ó di ìgbà tí kásítọ́mà bá ní kí n bá òun fa àǹkárá kan yọ lókè kí n tó dìde. Ọmọ méjì ni mo bí. Kí n tó bí èyí àbúrò, èmi ò ju kílò 71 lọ, lóṣù tó kọjá tí mo gun orí sikéèlì nílé ìwòsàn àdúgbò wa, 94 ló gbé, bíì-pí mi sì jẹ́ 148 lórí 96. Nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì káwọn tún un yẹ̀ wò, ó wá ní "ẹ lọ dín wéètì yín kù, mà." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ló bá pe ẹni tó kàn. Bí mo ṣe máa ṣe é ni ò sọ.

Mo wá bọ́ sórí fóònù o. Gbogbo ohun tí mò ń rí níbẹ̀, ọ́ọ̀tì, ápù, igbáàyà adìẹ, wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá inú ẹ̀, olive oil. ₦25,000 ni mo fi ń bọ́ èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ lọ́sẹ̀ kan, owó gáàsì ò sí níbẹ̀ o. Tí n bá ra ápù mẹ́rin nínú owó yẹn kí làwọn ọmọ fẹ́ jẹ?

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti náwó sí i lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ₦9,500 ra tíì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó lórí WhatsApp pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ikùn máa fi wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà tí inú ti ń yí mi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sáré lọ sí ṣáláńgá ẹ̀yìn ọjà kílẹ̀ tó ṣú, àwọn tá a jọ wà ní láìnì ló ń bá mi wo ọjà mi. Kílò mẹ́ta lọ lóòótọ́, inú mi dùn, mo tiẹ̀ ya fọ́tò, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé gbogbo ẹ̀ ti padà. Owó lẹ́sìnnì àwọn ọmọ ni mo yọ fi rà á, mi ò tíì lè sọ fún bàbá wọn títí dòní.

Bí mo ṣe ń jẹun rèé, mi ò ní parọ́. Àárọ̀, àkàrà àti ẹ̀kọ, tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú tíì. Ọ̀sán, mo máa ń ránṣẹ́ sí olóńjẹ, àmàlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pọ̀nmọ́ kan, pẹ̀lú mínírà tútù kan torí oòrùn ọ̀hún ò ṣeé fẹnu sọ. Alẹ́, ó máa ń tó aago mẹ́sàn-án kí n tó délé kí n tó se nǹkan, ẹ̀bà ni, kó lè dì mí mú. Tí tàwọn ọmọ bá ṣẹ́kù èmi náà ni mo máa ń jẹ ẹ́ kúrò nílẹ̀, ta ló fẹ́ da oúnjẹ nù lásìkò yìí. Ṣé ẹni tówó ẹ̀ ò ju báyìí lọ lè ṣe é? Kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

OmoOke_:

Àǹtí, ẹ fi gbogbo òkèlè sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀bà, àmàlà, fùfú, ẹ fi ìrẹsì náà kún un, ẹ má fẹnu kan ìkankan. Láàárọ̀ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná kẹ́ ẹ mu ún, ó máa ń yọ́ ọ̀rá. Mo ṣe é, kílò 9 lọ lóṣù méjì.

MàmáTẹ̀tẹ̀:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ẹ ó dà bíi pé èmi ni mo kọ ọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìwó ni mò ń gbé, owó ìfẹ̀yìntì náà sì ń wọlé bó ṣe wù ú. Kílò 101 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 84 ni mí báyìí, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Ṣó o rí i pé ó falẹ̀? Oṣù míì kílò kan àbọ̀, oṣù míì ìdajì, oṣù kan wà tí ò mira rárá tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo sunkún. Mi ò ra ọ́ọ̀tì rí. Ohun tó wà ní ìdáná mi tẹ́lẹ̀ náà ló wà níbẹ̀ báyìí, bí mo ṣe ń bù ú ló yí padà.

Mínírà yẹn ni kó o kọ́kọ́ jù sílẹ̀, lónìí yìí. Gbé ìgò 50cl kó o ka ara ẹ̀, wọ́n kọ iye ṣúgà inú ẹ̀ síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ń lọ sí bíi gíráàmù 50. Kúúbù ṣúgà kan ò ju bíi gíráàmù mẹ́rin lọ, kúúbù méjìlá lò ń gbé mì nínú oòrùn yẹn lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ tẹ́nì kan bá kó méjìlá sínú ife tíì ẹ wàá ní ṣó fẹ́ pa ẹ́ ni. Ó tó kálórì 200, kálórì yẹn ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara, èyí tára ò bá lò ló ń di ọ̀rá. Ọ̀rá ara kílò kan tó bíi kálórì 7,700, ìwọ fi 200 pín in wò, kò tó ogójì ọjọ́. Ìṣirò orí ìwé nìyẹn o, ara èèyàn kì í tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ o ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Owó ẹ̀ ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa níbí owó mínírà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ẹyin méjì. Ẹyin bíbọ̀ méjì, bíi kálórì 150, pròtéènì gíráàmù 12 wà nínú ẹ̀, ìyẹn máa gbé ẹ dé aago mẹ́rin láìwá nǹkan já jẹ. Ti oòrùn, rọ omi sínú ike kó o jẹ́ kó dì lóru tíná bá wà, fi aṣọ wé e dání, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ẹ di ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìyẹn epo. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó o fetí sí, torí ibẹ̀ ló ti ń bá mi wá fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mi ò sì mọ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó kún fún òróró, kálórì 120 ni. Epo pupa bẹ́ẹ̀ náà ni. Olive oil tí wọ́n fi ń fọ́nnu lórí fóònù yẹn bẹ́ẹ̀ náà ni, kò sí èyí tó fúyẹ́ nínú wọn. Àwa kì í sì í wọ̀n ọ́n, ìgò la máa ń dà dorí kodò títí ọkàn wa á fi sọ pé ó tó. Lọ́jọ́ tó o bá tún fẹ́ se ọbẹ̀ ata, da iye tó o máa ń dà sínú ife ná, kó o wá máa fi ṣíbí bù ú sínú ìkòkò kó o máa kà á, kó o padà wá sọ iye tó jẹ́ fún mi. Àkàrà àárọ̀ yẹn náà ńkọ́, ẹ̀wà kan náà ló wà nínú ẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín, ọ̀kan inú omi ló ti jiná, èkejì inú òróró. Mọ́ínmọ́ín elewé kan pẹ̀lú ẹ̀kọ ò burú fún ẹ rárá, ẹ̀kọ fúnra ẹ̀ omi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ó wá ku abọ́ ẹ. Kí ni a máa ń ṣe tówó bá há? Òkèlè la máa ń fẹ̀, ọbẹ̀ la máa ń dín, torí gàrí ló ń yọ́ni. Èmi dà á rú. Òkèlè mi ò ju ìkúùkù mi yìí lọ mọ́, ọbẹ̀ ló kún abọ́, ẹ̀fọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ewédú tá a ní yìí, oore ńlá ni Ọlọ́run ṣe fún wa, ewédú ò gba epo rárá, omi, irú, iyọ̀ díẹ̀, o ti fi ìjábẹ̀ jà á, ó parí. Gbẹ̀gìrì náà ẹ̀wà ni. Àmàlà ẹyọ kan, ewédú tó pọ̀, gbẹ̀gìrì, ẹja kan, kò sí aburú kankan nínú ìyẹn o, ọbẹ̀ ata tí olóńjẹ ń bù lé e lórí tí epo ń léfòó lójú ẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ní kó fi ìgbakọ ti epo yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó bù ú fún ẹ, tó bá ti mọ̀ ẹ́ ní kásítọ́mà kò ní bínú. Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ẹ́ pé wíìtì ló fúyẹ́ ju ẹ̀bà lọ kó o wá máa náwó gọbọi sí i, gàrí, èlùbọ́, sẹ̀mó, wíìtì, tí wọ́n bá wà ní gbígbẹ gíráàmù 100 ìkọ̀ọ̀kan wọn ju kálórì 300 lọ, bó ṣe tóbi tó nínú abọ́ ẹ ló ṣe kókó.

Ẹja ṣáwá ni mò ń rà, ó léegun àmọ́ ó dín lówó, tàbí kí n fi ẹ̀wà rọ́pò. Pọ̀nmọ́ dùn ún jẹ, àmọ́ kì í gbé èèyàn pẹ́. Ẹ̀fọ́ máa ń pọ̀ lójò, lẹ́ẹ̀rùn ó máa ń wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sínú àpò ìrẹsì mẹ́fà lẹ́yìnkùlé. Tí mo bá ti gbin tẹ̀tẹ̀, kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kí n tó máa gé e, tó ò bá fà á tu á tún rú.

Ìwọ OmoOke, jọ̀ọ́ má bínú, kílò 9 yẹn, ìgbà wo ni? Báwo ló ṣe wà báyìí?

Nọ́ọ̀sìAlálẹ́:

Ẹ káàsán mà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Tíì tẹ́ ẹ mu yẹn, ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ ni senna, omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, kò tiẹ̀ dé ibi tí ọ̀rá wà. Ìdí tí kílò mẹ́ta fi lọ nìyẹn, ìdí tó fi padà náà nìyẹn. Ẹ má mu ún mọ́ o, téèyàn bá ń mu ún lámupẹ́ ó lè da potassium inú ara rú, èròjà kan tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì lè kan ọkàn. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ò yọ́ ọ̀rá kankan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀ nínú omi ẹ mu ún torí pé ó dùn.

148 lórí 96 yẹn, mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà lọ. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá torí wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ò tó láti fi sọ pé èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ jókòó jẹ́ẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ má ti orí ọ̀kadà sọ̀ kẹ́ ẹ na apá. Tí wọ́n bá fún yín lóògùn ẹ lò ó, kẹ́ ẹ má sì dá a dúró fúnra yín torí pé ẹ ti ń jò. Nǹkan tí mo fẹ́ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni pé kò dìgbà tẹ́ ẹ bá padà sí 71. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wéètì yín ò tó kílò márùn-ún, láti ibẹ̀ yẹn ni bíì-pí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, kò ju ṣíbí kékeré tá a fi ń po tíì kan lọ, màgí sì wà lára ẹ̀. Màmá ò sọ ti káún, ọ̀pọ̀ wa ló ń jù ú sínú ewédú, sodium, èyí tó wà nínú iyọ̀ tó ń gbé bíì-pí sókè, ló kún inú káún, ẹ yọ ọ́ kúrò. Irú ti tó.

Ìbéèrè kan, mà: ṣé ẹ ń gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, èyí olóṣù mẹ́ta? Ó máa ń jẹ́ kí àwọn obìnrin kan sanra. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń gbà á ẹ má kàn dá a dúró o kóyún má lọ wọlé, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá yín wo ọ̀nà míì. Ẹ tún yá tépù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ fi yí ikùn yín ká, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún obìnrin tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ ewu ti pọ̀ níbẹ̀. Nígbà míì sikéèlì á dúró sójú kan, tépù á máa wọlé.

BàbáÀlíyù:

Ọlọ́run á ṣe é fún yín, ìyá wa. Èmi máìgádì ni mí ní Ìkòròdú, òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ò bá sùn dáadáa ebi máa ń pa á ṣáá ni, mo mọ̀ ọ́n lára mi, aago méjì òru màá máa wá búrẹ́dì kiri. Oúnjẹ tí mò ń jẹ kí n tó kúrò nílé láago mẹ́fà ni mo mú le, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, mi ò wá gbé nǹkan kan dání lọ síbi iṣẹ́ àfi omi àti kúkúńbà. Tiyín náà, tẹ́ ẹ bá lè jẹ oúnjẹ gidi láago mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà inú fúláàsì, ẹ̀bà aago mẹ́sàn-án yẹn máa kéré fúnra ẹ̀. Ebi tẹ́ ẹ fi ń wọlé lálẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹ̀bà yẹn pọ̀.

Ti ìrìn, ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò lọ́dún 2023 tówó ọkọ̀ fò sókè ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, torí owó ni, mi ò mọ̀ pé ìlera ni mò ń wá. Ogún ìṣẹ́jú lọ, ogún ìṣẹ́jú bọ̀. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa rìn kánmọ́kánmọ́, tèmi ti kọjá ìyẹn láìjẹ́ pé mo wọ jímù kankan. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú ilé. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ máa dìde nídìí ọjà, ẹ máa fúnra yín gbé àwọn búńdù yẹn dípò kẹ́ ẹ máa rán ọmọ iṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí wọn ò sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀. Ìyá mi rí mi lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó bú sẹ́kún ní ẹnu ọ̀nà, ó ní ṣé iṣẹ́ Èkó ló fẹ́ pa mí ni àbí àìsàn ló ń ṣe mí tí mò ń fi pa mọ́. Wọ́n máa ń rò pé ẹni tó bá sanra ló ń gbádùn. Ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó lè máa bá yín dáhùn.

OmoOke_:

Màmá, ọdún tó kọjá ni. Kí n sọ òótọ́, mi ò lè ṣe é ju oṣù méjì yẹn lọ, ọjọ́ tí mo padà sídìí ẹ̀bà mi ò mọ ìgbà tí mo jẹ mẹ́ta tán. Gbogbo ẹ̀ ti padà, ó tiẹ̀ fi kílò méjì lé e. Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o, ẹ tẹ̀ lé ohun tí Màmá sọ. Èmi náà ti kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌyáAláǹkárá:

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti ìyá Bàbá Àlíyù, torí ìyá tèmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni, mò ń gba abẹ́rẹ́ yẹn, ó ti lé lọ́dún méjì, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà lọ wọn bíì-pí, màá béèrè. Tépù, mo yá a lọ́wọ́ télọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, 109.

Màmá, mo wọ̀n ọ́n. Mo da òróró sínú ife bí mo ṣe máa ń dà á, mo ń fi ṣíbí kà á, ọmọ mi àgbà dúró tì mí ó ń bá mi kà. Ṣíbí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn o. Mo mú fóònù mo fi 120 ṣe e, 3,720, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí mi ò gbà á gbọ́. Ọmọ mi ní "Mọ́mì, ìgò yìí ti fẹ́ tán." Lọ́jọ́ náà ṣíbí méjìlá ni mo dà, mo jẹ́ kí ata gbẹ dáadáa kí n tó da òróró sí i, kó má baà korò. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó tún ní kí n bù sí i, kò béèrè nǹkan kan. Èyí tó kù nínú ife mo dà á padà sínú ìgò. Mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ tíì yẹn fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mínírà ti di ọjọ́ mẹ́fà báyìí. Orí fọ́ mi lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, ó ti lọ.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àpò ìrẹsì yẹn, ṣé mo máa lu ihò sí i nídìí ni? Báwo ni mo ṣe máa gbìn ín? Báńkónì ilé wa ni mo ní, mi ò ní ẹ̀yìnkùlé.

MàmáTẹ̀tẹ̀:

O káre, ọmọ mi! Ṣíbí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tèmi jẹ́ mọ́kàndínlógójì nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Báńkónì dára tí oòrùn bá ń dé ibẹ̀. Lu ihò mẹ́fà tàbí méje sídìí àpò, ká ẹnu ẹ̀ wálẹ̀ kó má ga ju orúnkún lọ, gbé e sórí pákó tàbí búlọ́ọ̀kù méjì kí omi lè ráyè jáde. Ilẹ̀ dúdú ìdá méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ tó sì ti pẹ́ ìdá kan, má lo tútù, á jó o. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré bíi yanrìn, pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ díẹ̀ kó má baà ṣù pọ̀ sójú kan, fọ́n ọn sórí ilẹ̀ kó o fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ bò ó, má rì í mọ́lẹ̀. Fi ọwọ́ wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àpò méjì ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, tí ti àkọ́kọ́ bá ti yọ kó o wá fọ́n ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó má baà jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ á tó gé lọ́jọ́ kan náà. Wàá rí irúgbìn rà ní Bódìjà.